Ohun Tí Kò Níṣẹ́ Méjì Kò Gbọdọ̀ Wọkọ̀

Ní ilé ìkànkọ̀ kan tó wà létí omi, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta irin àlòkù, òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n so kọ́ sí àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn ńlá. Ojú rẹ̀ rí roboto bíi ti aago, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní, ìkọ́ irin sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń fa ẹrù tó bá wúwo sókè. Kò sí ohun tó ń wọ inú ọkọ̀ níbẹ̀ tí ìkọ́ yẹn kì í kọ́kọ́ gbé. Ìkòkò, okùn, fóòmù ibùsùn, títí dé orí ìdè ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé kọ́ ọ ní ọjọ́ Ẹtì nígbà tí iṣẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀gá á ka ìwọ̀n rẹ̀ sókè, á wá dojú kọ ohun náà bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, á ní, "Iṣẹ́ méjì wo lo fẹ́ ṣe?" Ẹni tó gbé e wá ló máa bá a dáhùn. Bí iṣẹ́ bá pé méjì, àwọn òṣìṣẹ́ á pariwo pé, "Ó wọkọ̀!" Bí kò bá pé, wọ́n á ní, "Kò wọkọ̀!" wọ́n á sì jù ú sídìí ògiri.

Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé orí wọn ti ń yí. Rárá o. Ọkọ̀ tí wọ́n ń kàn níbẹ̀, ọkọ̀ ìgbòkun ni, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń tì í. Pákó ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ òjé kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó dojú dé. Ìyẹ́ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kàn án kó lè sáré nínú ìdíje, kí tọkọtaya sì tún lè sùn nínú rẹ̀ bí ìdíje bá parí. Nǹkan méjì yìí kì í fẹ́ gbélé pọ̀. Ọkọ̀ tó ní ibùsùn máa ń wúwo, ọkọ̀ tó sì fúyẹ́ kì í ní ibi tí èèyàn lè na ẹsẹ̀ sí. Nítorí náà, gbogbo ohun tó bá fẹ́ wọ Ìyẹ́ gbọ́dọ̀ sọ tẹnu rẹ̀.

Ìyàwó ọ̀gá ló ṣe òfin náà, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹlòmíì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Bàbá rẹ̀ ló ń rán tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gígùn gún aṣọ líle, pẹ̀lú awọ tí wọ́n dè mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó dàgbà, ó fi tapólì sílẹ̀, ó ń rán ìgbòkun. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wà, kò sí lára rẹ̀. Obìnrin tó sígbọnlẹ̀ ni, tó jẹ́ pé bó bá ń gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá ìránṣọ rẹ̀ lókè, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á gbé ife tíì wọn kúrò lórí tábìlì.

Nígbà tí òun àti Ọ̀gá Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, orí pákó ilẹ̀ yàrá ìránṣọ yẹn ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì ya Ìyẹ́ àkọ́kọ́. Ọkọ ya ọkọ̀ tí kò ní ibùsùn. Ìyàwó ya ibùsùn sí i. Ọkọ fi ẹsẹ̀ nù ún. Ìyàwó tún un yà. Wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìyàwó fi ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣòfin. Ohun tí kò bá níṣẹ́ méjì kò gbọdọ̀ wọkọ̀. Fóòmù tí a ó sùn lé, òun náà ni a ó jù sí ẹni tó bá ṣubú sómi. Àtẹ̀gùn tí a ó fi sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ ni a ó máa kó irinṣẹ́ sí. Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́, ẹ ṣe é kó ṣeé yọ, a ó máa gbé e lé orúnkún jẹun." Ọkọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbà. Ẹni tó bá lọ bá wọn jẹun nínú ọkọ̀ láyé ìgbà yẹn, wọn kì í sọ fún un ohun tó gbé abọ́ lé títí á fi yó.

Wọ́n kan ọkọ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ ní Àkọ́bí. Èèyàn méjì méjì ló ń wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìdíje ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe lórí omi náà. Ọ̀gá á di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, Alábẹ́rẹ́ á máa fa okùn ìgbòkun. Bí afẹ́fẹ́ bá le tí ọkọ̀ bá ń fì, á jókòó sí etí ọkọ̀ lápá òkè, á fẹ̀yìn yọ síta, ọkọ̀ á sì nà ró. Wọ́n borí, wọ́n sì ń borí. Àwọn èèyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá ra Ìyẹ́ tiwọn. Wọ́n bí ọmọ obìnrin kan tó ti lọ sílé ọkọ báyìí, inú Àkọ́bí ló ti kọ́ ìjókòó.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn kì í pẹ́ kó tó kan. Àwọn ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ tó fúyẹ́ ju tiwọn lọ. Lọ́dún kan, wọ́n ṣe ipò kejì. Lọ́dún kejì, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ti ń wo ìdí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Láti ìgbà náà ni àìsàn ìwọ̀n ti mú Ọ̀gá Káfíńtà. Ó kan ọkọ̀ tuntun, kò fi ibùsùn sí i, ó ju sítóòfù nù, ó yọ ilẹ̀kùn tó jẹ́ tábìlì. Ó tilẹ̀ gé lára òjé ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ní tirẹ̀, kò jẹun alẹ́ mọ́. Ó gbé Àkọ́bí sẹ́yìn ilé, ó fi tapólì bò ó, ó ní àgùntàn tó sanra ni, kì í ṣe ọkọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ló wá ṣe èyí tó ṣe. Wọ́n ti wọn gbogbo ẹrù ọkọ̀ tuntun tán, ó ní, "Ó ku èèyàn." Ó mú àga okùn tí wọ́n fi ń gun òpó ọkọ̀, ó so ó mọ́ ìkọ́.

"Alábẹ́rẹ́, wá jókòó."

"Èmi kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ tà mí ni?"

"Òfin ni òfin. Ìwọ gan-an lo ṣe é."

Ó rò pé àwàdà ni. Ó jókòó, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fa okùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ọwọ́ òṣùwọ̀n sì yí bìrí. Ọkọ rẹ̀ ka ìwọ̀n náà sókè, ó kà á ketekete, bí ẹni ń ka orúkọ ẹni tó jalè. Ọlọ́dà tó ń kun ọkọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì bo ẹnu.

"Iṣẹ́ méjì wo lo ń ṣe?"

"Mo ń fa ìgbòkun."

"Ọ̀kan nìyẹn. Èkejì ńkọ́?"

Alábẹ́rẹ́ wò ó. Ó wá iṣẹ́ kejì lórí ara rẹ̀, kò rí i. Gbogbo ohun tó ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, orí ilẹ̀ ló ti ń ṣe é. Ó ní, "Ìyàwó yín ni mí."

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́," ni ọkọ wí. "Oyè ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa á, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà. Àwọn èèyàn tó ti ń fún ní tíì láti ìgbà tí wọ́n ti dé ibẹ̀, ẹnu wọn ló ti gbọ́ ọ: "Kò wọkọ̀!" Ọ̀gá sì tú okùn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Alábẹ́rẹ́ fi ìdí sọlẹ̀, gbì! Abẹ́rẹ́ gún un níka. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Kò sí ẹni tó gbé ife tíì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tíì sì dà sí gbogbo orí tábìlì.

Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Káfíńtà ti gbàgbé pátápátá. Ó ń súfèé. Ó mú ọkùnrin kan wá tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tó gbẹ tó jẹ́ pé bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ọkọ̀, èèyàn á kí òpó kó tó rí i. Ó ní ọkùnrin náà ló máa rọ́pò ìyàwó òun nínú ọkọ̀. Alábẹ́rẹ́ kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ káàbọ̀, ó fún un ní tíì.

Inú rẹ̀ kò dáa o, ẹ má ṣì í. Inú ń bí i débi pé, bó bá ń ránṣọ, òwú ń já. Kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tọrọ àforíjì. Kò fẹ́ ẹ̀bùn. Ohun tó fẹ́ ni kí ọkùnrin yẹn jókòó sínú àga kan náà, lójú àwọn èèyàn kan náà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè, kó má mọ ohun tó máa fèsì. Ó ń rò ó bó bá ń jẹun, ó ń rò ó bó bá ń fọ abọ́. Nígbà mìíì á dá rẹ́rìn-ín, á sì tún fajú ro.

Bó ṣe jókòó lórí ìgbòkun kan lọ́jọ́ kan, tí aṣọ náà nà tantan lábẹ́ rẹ̀ tí kò lè sún, ni iṣẹ́ kejì wá sọ́kàn rẹ̀. Ó ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni! Ìdí tó fi sọlẹ̀ yẹn gan-an. Ọkọ̀ pẹlẹbẹ tó fúyẹ́, kí ló ń mú un nà ró bí afẹ́fẹ́ bá le? Òjé nìkan kò tó. Ẹni tó jókòó sí etí ọkọ̀ ni. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi borí, òun ló ń jókòó síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ mọ èyí tẹ́lẹ̀. Òun ló kọ́ ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, afẹ́fẹ́ ọjọ́ ìdíje kì í ju èémí ẹni tó sùn lọ, ọkùnrin náà sì ti gbàgbé pé afẹ́fẹ́ lè le. Alábẹ́rẹ́ kò rán an létí. Kí ló kàn án? Oyè ló ní.

Ìyá Ọ̀gá Káfíńtà ló wá bá a lọ́jọ́ kejì. Ìyá náà ti ta ẹja léèbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ga, ó fẹ̀, apá rẹ̀ dà bí itan ẹlòmíì. Ó jókòó sórí àpótí òwú, àpótí náà ké.

"Ìyàwó mi, mo gbọ́ ohun tí ọmọ mi ṣe."

"Ẹ má dá a lóhùn, Màámi."

"Kí n má dá a lóhùn? Ṣé o mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti ní ọkọ̀, mi ò wọ̀ ọ́ rí? Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó kàn gbé mi yí ibẹ̀ yẹn po. Ó ní mo wúwo. Èmi! Èmi tí mo gbé e sínú, tí mo sì pọ̀n ọ́n kiri èbúté, mi ò wọ̀n ọ́n!" Ó nu imú. "Ọmọ mi ni o. Mi ò ní kó kú. Ṣùgbọ́n kó ṣáà rí nǹkan."

Alábẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó wo èjìká rẹ̀, ó wo ìbàdí rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ dákun, ṣé ẹ lè fa okùn?"

"Àwọ̀n ẹja ni mo ń fà kó tó di pé wọ́n bí ẹ."

Bí àdéhùn wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn méjèèjì ká tapólì kúrò lórí Àkọ́bí. Ibùsùn ṣì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn tábìlì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbààwọ́n ọbẹ̀ ọdún pípẹ́. Alábẹ́rẹ́ fọwọ́ kan àbààwọ́n náà, ó sọkún díẹ̀, ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun sọkún, ó sì mú kànìnkànìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ kù sórí ìgbòkun. Ọ̀gá Káfíńtà kò ní ẹlòmíì tó máa rán an fún un ju ìyàwó rẹ̀ lọ, ojú kò sì tì í. Ó gun òkè wá pẹ̀lú Ọlọ́dà àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọkọ̀ tuntun ti fúyẹ́ jù," ló wí, "mo fẹ́ ìgbòkun tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ."

"Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ ni."

"Àwọn ihò tó wà ní ìlà ìlà lára ìgbòkun àtijọ́ yìí, pẹ̀lú okùn tí wọ́n kì bọ̀ ọ́, kí ni wọ́n ń ṣe?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ó kàn fẹ́ kó dáhùn ni. Alábẹ́rẹ́ ní, "Bí afẹ́fẹ́ bá le, òun lẹ fi máa ká ìgbòkun kúrú."

"Iṣẹ́ kan nìyẹn. Èkejì?"

"Kò ní èkejì."

"Yọ wọ́n."

"Ṣé ẹ ní kí n yọ wọ́n, Ọ̀gá?"

"Mo ní kí o yọ wọ́n. Kò wọkọ̀."

"Ọlọ́dà, ṣé ìwọ náà gbọ́ o?" ni Alábẹ́rẹ́ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ. Ẹ gbọ́, kò fi aṣọ àlòkù rán an. Kò fo ojú abẹ́rẹ́ kan. Gbogbo ibi tí aṣọ ti pàdé aṣọ ló rán ní ìlọ́po méjì, nítorí pé kò fẹ́ kó ya. Ìgbòkun tó bá ya, ó ti tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, ọkọ̀ á sì tún nà ró. Ó fẹ́ kó gbá gbogbo afẹ́fẹ́ mú. Kò tíì rán ìgbòkun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀, orin ló sì ń kọ títí tó fi parí rẹ̀. Wọ́n ní èèyàn kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀tá lóore. Irọ́ ni. Oore míì wà tó dùn ju ìyà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ ìdíje, àwọn obìnrin méjì náà ti Àkọ́bí bọ́ sómi níṣojú gbogbo ilé ìkànkọ̀. Ọ̀gá Káfíńtà fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìyá mi, kí lẹ fẹ́ máa ṣe nínú ìyẹn?"

"Mo fẹ́ lọ gbatẹ́gùn," ni ìyá wí.

Alábẹ́rẹ́ wá bọ́ síwájú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́. Bí ẹ bá ṣáájú mi dé, mi ò ní wọ ọkọ̀ mọ́ láyé mi. Màá jókòó sókè yẹn, màá máa ránṣọ fún yín títí ojú mi á fi fọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣáájú yín dé, ẹ ó jókòó sórí ìkọ́ yẹn lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni màá di okùn mú, èmi ni màá bèèrè."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó wo Àkọ́bí, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní, "Ibi tí omi máa dé lára ọkọ̀ yìí, ẹ lè fi ọwọ́ bomi mu láìtẹ̀ba. Mo gbà."

Lọ́jọ́ ìdíje, afẹ́fẹ́ sùn. Omi tẹ́ bí awẹ́ gíláàsì. Wọ́n fun fèrè, ọkọ̀ Ọ̀gá Káfíńtà sì yọ lọ wẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìgbòkun ńlá rẹ̀, ó fi gbogbo ọkọ̀ yòókù sílẹ̀. Ọ̀nà ìdíje kò lọ́jú pọ̀: wọ́n á lọ títí dé ibi àgbá pupa kan tó léfòó lókèèrè, wọ́n á yí i po, wọ́n á padà wálé. Àkọ́bí ń wọ́ lẹ́yìn. Ìyá Káfíńtà ń mú búrẹ́dì jẹ. Alábẹ́rẹ́ di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, ó ń wo ẹ̀yìn orí ọkọ rẹ̀ tó ń kéré sí i, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wá ńkọ́? Ó rí ara rẹ̀ lókè àtẹ̀gùn yẹn pẹ̀lú awọ lọ́wọ́, tó ti darúgbó, tó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn nísàlẹ̀. Ó gbàdúrà, kì í sì ṣe àdúrà tó ṣeé sọ níwájú àwọn onígbàgbọ́.

"Ìyàwó mi," ni ìyá wí, ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀, "omi ọ̀hún yẹn ti dúdú."

Alábẹ́rẹ́ wò ó. Lóòótọ́ ni. Ojú omi lápá ibi tí ilé wà ti ń ṣókùnkùn, ó ń hó kéékèèké, ó ń bọ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ fi búrẹ́dì sábẹ́ ibùsùn. Ẹ wá jókòó sí etí ibí yìí."

Ọ̀gá Káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí àgbá pupa náà po ni afẹ́fẹ́ ko ó lójú. Ìgbòkun ńlá náà gbà á tán pátá, kò jẹ́ kí èyí tó kéré jù lọ kọjá lọ. Ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré gun etí ọkọ̀ lápá òkè, ọkọ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó débẹ̀. Wọ́n fẹ́ ká ìgbòkun kúrú, kò sí ihò, kò sí okùn tí wọ́n máa fi ká a. Wọ́n dẹ okùn sílẹ̀, aṣọ ńlá náà ń gbá pàràpàrà, ọkọ̀ nà ró díẹ̀, afẹ́fẹ́ tún gbá a, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja, òpó rẹ̀ fẹnu kan omi.

Àkọ́bí dé ibẹ̀. Alábẹ́rẹ́ ti ká ìgbòkun tirẹ̀ kúrú ní ìlà kan, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tẹ̀lé ara wọn sí etí ọkọ̀, ìdí wọn wà níta, ẹsẹ̀ wọn wà nínú. Ọkọ̀ náà nà ró ṣánṣán, ó ń já omi sọ́tùn-ún sósì. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì àwọn adájọ́ ti dúró ti àwọn ọkùnrin náà, kò sí ẹni tó máa kú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rọ̀ mọ́ òpó, Ọ̀gá Káfíńtà sì jókòó sórí ìhà ọkọ̀ rẹ̀, ó tutù rinrin, ó di òjé tó gé mú bí ẹni di àga mú.

Alábẹ́rẹ́ lè gba ọ̀nà jíjìn. Kò gbà á. Ó mú ọkọ̀ kọjá nítòsí débi tó fi rí ojú rẹ̀ dáadáa.

"Ọ̀gá, ẹ kú ìjókòó o!"

Ìyá náà nawọ́ síta. "Ṣé o ti jẹun? Búrẹ́dì wà o!"

Ọ̀gá Káfíńtà la ẹnu, omi kó sí i. Alábẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín débi pé ìyá ní kó di ìtọ́kọ̀ mú dáadáa. Inú rẹ̀ dùn, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọkọ̀ kankan kò ṣáájú wọn dé èbúté.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Kò sí ẹni tó ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà níbẹ̀: Ọlọ́dà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, àwọn tó ń po gọ́ọ̀mù, títí kan àwọn tó ń ta irin àlòkù. Ìyá jókòó sórí àpótí. Àga okùn ti wà lórí ìkọ́. Ọ̀gá Káfíńtà jáde láti inú ilé, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó lọ jókòó sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yìn ín fún ìyẹn, kò bẹ̀bẹ̀.

Alábẹ́rẹ́ tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fa okùn. Kò nílò ẹni tó máa bá a fà á. Ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, bàtà rẹ̀ kan jábọ́. Ó so okùn mọ́ èèkàn, ó sì rìn wá síwájú rẹ̀.

"Iṣẹ́ méjì wo lẹ ń ṣe?"

"Mo ń tọ́ ọkọ̀."

"Ọ̀kan nìyẹn. Èkejì?"

Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ lórí okùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí bó ṣe ń wá a, tí kò rí i, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò tó ti lu. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ọkọ rẹ ni mí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọlọ́dà bojú wolẹ̀. Kálukú ló rántí èsì ọ̀rọ̀ yẹn, Alábẹ́rẹ́ kò sì tún un sọ. Ó gbójú sókè kó lè ka ìwọ̀n náà síta ketekete bí wọ́n ṣe ka tirẹ̀, ìgbà yẹn ló wá rí ibi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró sí. Ọkùnrin náà ti gbẹ. Kò tó ìdajì ohun tó rò. Ó rí ọrùn rẹ̀ nínú kọ́là ẹ̀wù, ó rí egungun ọwọ́ rẹ̀ tó di okùn mú, ó rántí gbogbo oúnjẹ alẹ́ tí òun bò sílẹ̀ dè é tí kò jẹ. Ara rẹ̀ ló ń jù nù pẹ̀lú sítóòfù àti ibùsùn. Àánú ṣe Alábẹ́rẹ́. Ó ṣe é gan-an, omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Kò ka ìwọ̀n náà síta. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí àánú náà fi ṣe é tán.

"Kò wọkọ̀," ló wí.

Ó mú awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fẹ́ gun òkè lọ. Ọkùnrin náà ṣì wà lórí ìkọ́, ó ń yí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wojú ara wọn, kò sí ẹni tó láyà láti fọwọ́ kan okùn náà. Ìyá dìde lórí àpótí.

"Ìyàwó mi, ó tó. Èébú àlọ ni ti ahun, èébú àbọ̀ ni ti àna rẹ̀. Má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀."

"Òótọ́ lẹ sọ, Màámi," ni Alábẹ́rẹ́ wí. Ó padà, ó tú okùn kúrò lára èèkàn, ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wò ó láti òkè, ojú wọn ṣe mẹ́rin.

Ó jọ̀wọ́ okùn náà lẹ́ẹ̀kan náà.